Báwo ni mo ṣe lè pín ọdún méjì fún ìmúrasílẹ̀ ìdánwò èdè Faransé, DELF B2?

Akínkúnmi (Eléyẹlé):

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ó ti sú mi láti máa bẹ̀rẹ̀ ohun kan náà lọ́dọọdún.

Ẹni ọdún 34 ni mí, yàrá àyẹ̀wò irúgbìn ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín ní Ìbàdàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè Benin a máa fi àbọ̀ iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí wa ní èdè Faransé, èmi a sì máa bẹ ẹlòmíràn kí ó túmọ̀ ohun tí ó yẹ kí n lè kà fúnra mi. Yàtọ̀ sí èyí, mo fẹ́ lọ kàwé gboyè kejì ní ilẹ̀ Faransé, ìpele B2 (ìkẹrin nínú ìpele mẹ́fà tí a fi ń wọn ìmọ̀ èdè: A1, A2, B1, B2, C1 àti C2) sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò fi èdè náà kàwé láti ilé. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu láti jókòó fún ìdánwò DELF B2 ní nǹkan bí ọdún méjì sí àsìkò yìí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo sì fi í sílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ìwé gírámà ni mo rà ní Dùgbẹ̀. Mo ka orí mẹ́sàn-án níbẹ̀, mo há ọ̀rọ̀ ìṣe sórí, ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò kan dé sí ibi iṣẹ́ wa láti Cotonou, n kò gbọ́ ju «bonjour» lọ nínú gbogbo ohun tí ó sọ. Nígbà kejì, áàpù orí fóònù ni mo lò fún oṣù márùn-ún. Mo mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ lójú fóònù, n kò sì lè dá ìpínrọ̀ kan kọ. Nígbà kẹta, mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ náà mọṣẹ́, kò sì sí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ń pa á jẹ, nítorí pé bí òjò bá ti rọ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, kíláàsì a ti parí kí n tó dé ibẹ̀.

Àkókò tí mo ní nìyí. Láàárọ̀, kí ìyàwó àti ọmọ mi tó jí, mo ní ogójì ìṣẹ́jú láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Nínú ọkọ̀ Micra láti Eléyẹlé gba Ṣàngó lọ sí Ọ̀jọ́ó, mo ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní àlọ àti ọgbọ̀n ní àbọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lè jókòó fún wákàtí méjì gbáko. Ṣé ọdún méjì tó? Kí ni kí n kọ́kọ́ gbájú mọ́? Ṣé ó dára kí n kọ́kọ́ ṣe B1, àbí kí n lọ tààrà sí B2?

Ìyá Olùkọ́ (Bódìjà):

Akínkúnmi, ọmọ mi, mo kí ọ. Ọdún 27 ni mo fi kọ́ni ní èdè Faransé kí n tó fẹ̀yìn tì, inú mi sì dùn pé o ka àkókò rẹ sílẹ̀ kí o tó béèrè ìwé tí o máa rà.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò wákàtí. Àwa olùkọ́ máa ń fojú bù ú pé ènìyàn nílò nǹkan bí 100 wákàtí kí ó tó parí ìpele A1, 200 lápapọ̀ kí ó tó parí A2, 400 kí ó tó parí B1, àti 600 sí 650 kí ó tó lè fi ọkàn balẹ̀ jókòó fún B2. Bí mo bá ro gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ pọ̀, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 10 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn kí o fi 10 ṣe ètò. Ara ọmọ kò ní le ní ọjọ́ kan, a óò mú iná lọ ní ọjọ́ kejì, ariwo inú Micra yóò sì jẹ lára ohun tí o ń gbọ́. Fi 6 ṣe é. Wákàtí 6 ní ọ̀nà 52 jẹ́ 312 lọ́dún, ọdún méjì sì fún ọ ní 624. Ó tó, ṣùgbọ́n kò ní àjẹṣẹ́kù: ẹni tí ó bá fi oṣù mẹ́ta sinmi nínú rẹ̀ ti jẹ gbèsè wákàtí 78.

N kò rí ọ̀lẹ nínú ìgbà mẹ́ta tí o fi í sílẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀yà ara kan ṣoṣo ni o ń lò nígbà kọ̀ọ̀kan: ojú ni o fi ka ìwé gírámà, ìka ni o fi lo fóònù. Apá mẹ́rin ni ìdánwò náà ní, èyíinì ni gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ. Máàkì 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 50 nínú 100 ni a sì fi ń yege. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gba tó 5 nínú apá kan ti fìdí rẹmi nìyẹn, iye yòówù kí ó gbà nínú mẹ́ta tí ó kù. Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú ètò rẹ, kódà bí ó bá jẹ́ gbólóhùn márùn-ún péré ni o lè kọ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní òun yóò «parí gírámà» ná kí òun tó sọ̀rọ̀. Gírámà kì í parí.

Etí ni kí ó ṣíwájú, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé etí Yorùbá ti mú ọ̀pọ̀ nǹkan dání. Ẹni tí ó lè ya «e» sọ́tọ̀ kúrò lára «ẹ», tí ó sì lè ya «o» kúrò lára «ọ», ti gbọ́ «é» àti «è» ti Faransé, ó sì ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín «o» inú «beau» àti èyí tí ó wà nínú «porte». Fáwẹ̀lì aránmúpè kò ṣàjèjì sí wa: ìparí «ibọn» súnmọ́ «bon» tiwọn gan-an, ìparí «ìyẹn» sì súnmọ́ «pain». Bí a ṣe ń pa fáwẹ̀lì jẹ tí «ra ẹ̀wù» fi ń di «rẹ̀wù», bẹ́ẹ̀ náà ni «la» àti «école» ṣe ń di «l'école».

Níbi tí ó ti máa ń dojú rú fún wa ni mo fẹ́ kí o lo oṣù méjì àkọ́kọ́ fún. Àwa a máa kọ «an» níbì kan, a sì máa kọ «ọn» níbòmíràn, ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Lọ́dọ̀ wọn, ohùn méjì ni, «banc» kì í sì í ṣe «bon». Kò sí «u» inú «rue» nínú èdè wa rárá, a sì máa ń pè é bí «roue», tí ó jẹ́ àgbá ẹsẹ̀ ọkọ̀. A kò ní «z», nítorí náà «poisson», ẹja, àti «poison», májèlé, a máa di ọ̀kan náà ní ẹnu wa. Ní pàtàkì, àwa ará Ìbàdàn tí «ṣ» máa ń di «s» lẹ́nu wa gbọ́dọ̀ ṣọ́ «ch», kí «chaud», ohun gbígbóná, má baà di «seau», korobá. Ẹni tí kò bá lè pe ìyàtọ̀ wọ̀nyí, ó máa ń pẹ́ kí ó tó gbọ́ wọn lẹ́nu ẹlòmíràn.

Má bẹ̀rù òǹkà wọn. Ohun tí wọ́n ń pe 80, «quatre-vingts», ogún mẹ́rin ni, gẹ́gẹ́ bí ọgọ́rin tiwa náà ṣe jẹ́ ogún mẹ́rin. Ní 90, àwọn fi 10 kún ogún mẹ́rin, nígbà tí àwa yọ 10 kúrò nínú ogún márùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá ṣàlàyé báyìí fún kì í gbàgbé mọ́.

Ohun tí ó le ni akọ àti abo. «Ó» kan náà ni àwa ń lò fún bàbá, fún ìyá àti fún àga, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ Faransé ni ó jẹ́ akọ tàbí abo. Má ṣe kọ́ «table» láéláé. «Une table» ni kí o kọ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Bákan náà, «lọ» kì í yí padà lẹ́nu wa, ẹni yòówù tí ì báà lọ, ṣùgbọ́n «je vais», «nous allons» àti «j'irai», «lọ» ni gbogbo wọn. Inú gbólóhùn tí o bá gbọ́ ni kí o ti kó wọn, kì í ṣe inú tábìlì tí a fà sójú ìwé.

Ní ti ohun tí o máa gbọ́, iléeṣẹ́ rédíò RFI ní ìròyìn oníṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ tí wọ́n ń kà ní Faransé tí ó rọrùn, «Journal en français facile», wọ́n sì máa ń gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde ní kíkọ. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TV5MONDE náà ní àwọn iṣẹ́ ìdánrawò láti A1 dé B2 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Fa ìròyìn RFI náà sórí fóònù ní alẹ́ nígbà tí dátà bá wà. Láàárọ̀, mú ìṣẹ́jú kan péré nínú ìròyìn náà, gbọ́ ọ, kọ ohun tí o gbọ́ sílẹ̀, kí o wá fi wé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Ohun tí o ti ṣiṣẹ́ lé lórí láàárọ̀ yẹn ni kí o tún máa gbọ́ nínú Micra. Má ṣe kọ́ ohun tuntun nínú ọkọ̀. Àtúngbọ́ ni ọkọ̀ wà fún.

Ọmọ Kétu (Mọ́kọ́lá):

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Olùkọ́. Mo fẹ́ fi ojú ara mi jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ máàkì 5 yẹn.

Ará Kétu ní ilẹ̀ Benin ni ìyá mi, mo sì ti ń bá a lọ sí Cotonou fún òwò aṣọ láti kékeré, nítorí náà Faransé yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe DELF B2, n kò múra sílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Mo gba 22 nínú sísọ, 19 nínú gbígbọ́, 14 nínú kíkà, ṣùgbọ́n 4 ni mo gba nínú kíkọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 59, mo sì fìdí rẹmi. Ó dùn mí wọra, mo sì jókòó wo ìwé èsì náà fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé mo mọ àwọn tí wọ́n gba 52 tí wọ́n yege ní ọjọ́ kan náà.

Ẹ̀bi mi ni. Ní B2, wákàtí kan ni wọ́n fún wa láti kọ ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ dín ní 250, ó sì sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà tàbí àròkọ tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ kí ó sì gbèjà rẹ̀. Lẹ́tà sí alákòóso ìlú ni a ní kí n kọ. Mo kọ ọ́ bí ẹni tí ó ń bá oníbàárà ná ọjà ní Dantokpa: ọ̀rọ̀ mi kò pé iye, n kò pín in sí ìpínrọ̀, mo sì fi «tu» pe ẹni tí ó yẹ kí n pè ní «vous». Èmi, ọmọ Yorùbá, tí n kò jẹ́ pe àgbà ní «ìwọ» láéláé! «Vous» ni «ẹ̀yin» tiwa, n kò sì ní àwáwí kankan fún un.

Lẹ́yìn èyí, oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ lẹ́tà kan ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì rí ẹnì kan tí ó ń fi bírò pupa yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ohun tí ó dà bíi kí ènìyàn rí àṣìṣe kan náà ní ìgbà mẹ́rin lójú ewé tirẹ̀. Mo tún gbogbo èyí tí a bá fagi lé kọ ní ọjọ́ kejì, láìwo ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, mo gba 13 nínú kíkọ, mo sì yege. Akínkúnmi, bí ẹ kò bá rí ẹni tí yóò bá yín yẹ tiyín wò, èmi yóò máa ṣe é, ẹ ṣáà kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ yín lórí ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Àwọn kan yóò ní kí ẹ lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Benin. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má lọ sí Kétu, Pobè tàbí Sakété fún ti Faransé, nítorí pé bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ yín, Yorùbá ni wọn óò máa bá yín sọ tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò sọ Faransé kan sí mi rí.

Títílayọ̀ (Ring Road):

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kà á tí ó sì ń ronú Kánádà, nítorí pé ìdánwò tiwọn yàtọ̀. TCF Canada ni èmi ṣe. Ìbéèrè 39 ni ti gbígbọ́ ní ìṣẹ́jú 35, 39 sì ni ti kíkà ní ìṣẹ́jú 60. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ti kíkọ, mẹ́ta náà sì ni ti sísọ. Kò sí pé ènìyàn yege tàbí ó fìdí rẹmi, ìpele tí ó wà ni wọn yóò kọ fún un. Ọdún méjì péré ni èsì rẹ̀ fi ń wúlò, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣe é kí ìwé rẹ̀ yòókù tó pé lè tún un ṣe. Ìwé ẹ̀rí DELF kì í kú ní tirẹ̀. Fún ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Faransé, Akínkúnmi, mo gbà pé DELF tí ẹ yàn ló yẹ yín.

Akínkúnmi (Eléyẹlé):

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Olùkọ́, mo ti tẹ́tí sí «banc» àti «bon» láàárọ̀ yìí fún ogún ìṣẹ́jú, n kò sì gbọ́ ìyàtọ̀ kankan títí di ìgbà kẹwàá. Ẹ dákun, ẹ kò tíì dáhùn ti B1. Bákan náà, ta ni n óò máa bá sọ̀rọ̀? Ìyàwó mi kò gbọ́ Faransé, gbogbo wa ní ibi iṣẹ́ sì ni a kò gbọ́ ọ.

Ìyá Olùkọ́ (Bódìjà):

Kò sí òfin tí ó ní kí o ṣe B1 kí o tó ṣe B2. Ìpele kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọdún méjì jìn, ẹni tí kò bá sì ní ibi ìsinmi lójú ọ̀nà máa ń rò pé òun kò rìn. Ní ìparí oṣù kẹrìndínlógún, nígbà tí o bá ti lé ní wákàtí 400, lọ ṣe B1. Lẹ́tà ibẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 160, sísọ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Máàkì tí o bá gbà nínú apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò sọ ohun tí o máa fi oṣù mẹ́jọ tó kù ṣe. Bí owó bá ṣòro, àpẹẹrẹ ìbéèrè wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojúlé France Éducation international, àwọn tí ń ṣètò ìdánwò náà. Fi aago síwájú, kí o ṣe é bí ẹni tí ó wà nínú gbọ̀ngàn. Ìparí oṣù kẹjọ ni kí o ti ṣe ti A2 bẹ́ẹ̀, nílé. Ní ti ọjọ́ ìdánwò àti owó rẹ̀, ọ̀dọ̀ Alliance Française tí ó wà níhìn-ín ní Ìbàdàn ni kí o ti béèrè, kí o sì tètè béèrè.

Ní ti sísọ, fóònù rẹ ni ẹni àkọ́kọ́ tí o máa bá sọ̀rọ̀. Ní gbogbo Ọjọ́rú, gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ohun tí o ṣe ní ibi iṣẹ́, kí o sì tọ́jú rẹ̀ kí o lè gbọ́ ti oṣù kìíní ní oṣù kẹfà. Lẹ́yìn oṣù kẹfà, wá ènìyàn kan tí ẹ óò máa pàdé fún wákàtí kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, inú wọn a sì máa dùn bí o bá san owó díẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Abúlé Èdè Faransé ní Bádágírì, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991, àwọn tí wọ́n ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní sọ Yorùbá láàárín ara wọn ni ẹnu wọn máa ń là. Àwọn tí wọ́n ń padà sínú yàrá lọ sọ Yorùbá a máa padà wálé bí wọ́n ṣe lọ.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí o gbàgbé nípa sísọ ní B2. Ìwọ ni o máa yan ọ̀kan nínú kókó méjì tí o bá fà, o máa múra fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ óò sì jọ sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogún. Olùdánwò yóò tako èrò rẹ. Àgbà ni ó jẹ́ lójú wa, a kò sì kọ́ wa láti já àgbà níyàn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ dáadáa ni ó máa ń ní «òótọ́ ni ẹ sọ, sà» tí ọ̀rọ̀ a sì tán. Máàkì wọn a bá a lọ. Ìjáníyàn tí ó ní ọ̀wọ̀ nínú ni wọ́n ń wá. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: «Je comprends votre point de vue, cependant…», kí o sì di èrò rẹ mú.

Akínkúnmi (Eléyẹlé):

Mo ti kọ ọ́ sára ògiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ti etí àti ohùn, pẹ̀lú gbólóhùn márùn-ún ní kíkọ lójoojúmọ́. A2 nílé ní ìparí oṣù kẹjọ, B1 ní oṣù kẹrìndínlógún. Ọjọ́rú ni ti ohùn gbígbà sílẹ̀, ìyàwó mi sì ti gbà láti máa mú ọmọ sùn ní yàrá kejì láàárọ̀ Àbámẹ́ta. Ọmọ Kétu, ẹ ṣeun fún ìlérí yín. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò ní ju ìlà mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i gbà ní ọjọ́ Àìkú, «vous» ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.